Ṣé Ọmọ Adúláwọ̀ Ṣì Lè Rí Àyè Wọ Àwọn Yunifásítì Tó Ṣòro Jù Lọ ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì kọkànlá ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Prince George's County, Maryland. A ni gbogbo máàkì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ó gba 1480 nínú 1600 nínú SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ó sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní MIT, Harvard tàbí Johns Hopkins. Nọ́ọ̀sì ni mí, bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Àwọn kan nínú ìjọ wa ní láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ ti yí òfin padà, kò sí àyè fún ọmọ dúdú mọ́. Àwọn mìíràn ní kí ó rí i pé òun tẹnu mọ́ àwọ̀ rẹ̀ dáadáa nínú àròkọ. Ẹnì kan tilẹ̀ ní orúkọ òyìnbó rẹ̀ nìkan ni kí ó lò. Bàbá rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ti tó, pé agbára wa kò gbé owó àwọn yòókù. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Inú ìdájọ́ kan náà ni gbogbo ìmọ̀ràn tí àwọn ará ìjọ fún yín ti wá, olúkúlùkù sì mú ibi tó gbọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ilé ẹjọ́ sọ gan-an.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Students for Fair Admissions pe Harvard àti Yunifásítì North Carolina. Wọ́n ní kò bófin mu mọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa ka ẹ̀yà akẹ́kọ̀ọ́ kún ohun tó lè mú kí wọ́n gbà á wọlé. Láti ọdún 1978, nínú ẹjọ́ Bakke, ni ilé ẹjọ́ kan náà yìí ti gbà pé ẹ̀yà lè wà lára ohun púpọ̀ tí wọ́n ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya iye àyè pàtó sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kankan. Wọ́n tún fọwọ́ sí i ní 2003 nínú ẹjọ́ Grutter. Ìlànà yẹn ni wọ́n wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ àgbà John Roberts, tó kọ ìdájọ́ náà, fi àyè kan sílẹ̀: ó ní kò sí ohun tó dí yunifásítì lọ́wọ́ láti gbé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ yẹ̀ wò, nípa bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ìgbé ayé rẹ̀, ìbáà ṣe ìyà tó fi jẹ tàbí ìwúrí tó rí gbà nínú rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti so mọ́ ìwà tàbí ẹ̀bùn tí ọmọ náà máa gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó sì kìlọ̀ pé ohun tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n ṣe lójú, wọn kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn ṣe é.

Mi ò ní fi irọ́ tù yín nínú. Àwọn tó ní àyè dín kù kò parọ́. Ní MIT, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ọmọ adúláwọ̀ máa ń jẹ́ láàárín àwọn tó ń wọlé lẹ́nu ọdún mélòó kan ṣáájú ìdájọ́ náà. Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn lábẹ́ òfin tuntun wọlé ní 2024, wọ́n ti di ìdá 5. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst, wọ́n bọ́ láti ìdá 11 sí ìdá 3. Ní Harvard, ìdá 18 di 14 ní 2024, ó sì tún di 11.5 ní 2025. Síbẹ̀, ní 2024 yẹn kan náà, ìdá 14 tí Yale ní tẹ́lẹ̀ kò yẹ̀, díẹ̀ bín-ín-tín sì ni ti Princeton fi dín. Ẹni tó bá wo MIT nìkan á ní wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa, ẹni tó bá wo Yale nìkan á ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sì fiyè sí i pé ìpín àwọn ọmọ dúdú láàárín àwọn tó wọlé ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ. Wọn kò sọ iye ọmọ dúdú tó béèrè àti iye tí wọ́n kọ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fi wọ́n ṣírò fún yín pé báyìí-báyìí ni àyè ọmọ yín ṣe kù, àfojúbù ló ń ṣe.

Ohun tó dájú ni pé àyè náà kéré fún gbogbo ayé. Ní 2024, àwọn tó béèrè àyè ní Harvard lé ní 54,000, àwọn tí wọ́n gbà kò sì tó 2,000. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó kọ̀wé, nǹkan bí 96 ni wọ́n dá padà, ọmọ òyìnbó, ọmọ Ṣáínà àti ọmọ Íńdíà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní A láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọmọ yín, kò yẹ kí ó rò pé nítorí àwọ̀ òun ni. Bí wọ́n bá gbà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wò ó lójú kó sọ pé nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni.

Àǹfààní kan wà tí ìdájọ́ náà kò fọwọ́ kàn, ó sì máa ń dùn mí pé a kì í sọ ọ́ tó nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn ìwé tí Harvard kó wá síwájú ilé ẹjọ́ fi hàn pé, nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n gbà wọlé láàárín ọdún mẹ́fà tí wọ́n yẹ̀ wò, ó ju ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó jẹ́ eléré ìdárayá, ọmọ àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí, ọmọ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkànṣe ọ̀gá àgbà. Láàárín àwọn ọmọ dúdú, àwọn ará Éṣíà àti àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà, kò tó ìdá 16. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé Raj Chetty, David Deming àti John Friedman tún fi hàn ní 2023 pé bí máàkì SAT ọmọ méjì bá dọ́gba, ọmọ ìdílé tó wà nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lówó jù lọ ní Amẹ́ríkà ní àǹfààní tó ju ìlọ́po méjì ti ọmọ ìdílé tí kò lówó tí kò sì tòṣì lọ láti dé irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Kì í ṣe kí inú lè bí yín ni mo ṣe ń sọ èyí. Ó yẹ kó hàn nínú bí ẹ ṣe máa yan ibi tí ọmọ máa kọ̀wé sí: MIT àti Johns Hopkins kì í wo ẹni tí òbí rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí, Maryland fúnra rẹ̀ sì ti ṣòfin lòdì sí i ní 2024. Nínú ibi mẹ́ta tí ọmọ yín dárúkọ, méjì wà tí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni kò ti ní bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ní ti máàkì 1480, ó dára, àwọn tó ń ka ìwé ọmọ kì í sì í ka nọ́ńbà ní òun nìkan. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń ka ìwé tí ilé-ìwé ọmọ fi ránṣẹ́ nípa ara rẹ̀: àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ṣe ń ṣe sí, àti iye wọn tó ń lọ sí yunifásítì. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ Dartmouth tún sọ ìdánwò di ọ̀ranyàn ní oṣù Kejì 2024, ohun tí wọ́n sọ pé àwọn rí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ láti ìdílé tí kò lówó ń fi máàkì wọn pamọ́ nítorí wọ́n rò pé ó kéré, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ bí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ibi tí ìdánwò kì í bá ṣe ọ̀ranyàn, kí ó fi 1480 rẹ̀ ránṣẹ́ bí ó bá ga ju ohun tó wọ́pọ̀ ní ilé-ìwé rẹ̀ lọ. MIT le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó wọ ibẹ̀ lọ tí máàkì SAT wọn lé ní 1500, ọ̀ranyàn sì ni ìdánwò níbẹ̀ láti 2022. Bí ó bá lè tún ìdánwò náà ṣe nínú oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn ìsinmi tó fi iṣẹ́ gidi sí ìṣirò, kí ó tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi í lónìí ju ọ̀rọ̀ SAT lọ ni pé, kí ni ó máa kọ́ ní kíláàsì kejìlá? Nígbà tí MIT kéde nọ́ńbà ìdá 5 yẹn, ohun tí ọ̀gá tó ń bójú tó ìgbàwọlé níbẹ̀ tọ́ka sí ni àìdọ́gba tó wà ní àwọn ilé-ìwé girama: ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú ni kì í rí olùkọ́ calculus (ẹ̀ka ìṣirò tó ga) tàbí físíìsì tó jinlẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà tí kò sì kan calculus kó tó kọ̀wé, aròjinlẹ̀ yòówù tó bá kọ sínú àròkọ kò lè dí àlàfo yẹn. Bí ilé-ìwé rẹ̀ kò bá ní kíláàsì tó ga tó, kí ó lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-ìwé nípa ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ girama fi ń gba iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò; àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní Maryland ń ṣe é. Caltech, yunifásítì sáyẹ́ǹsì kan ní California, tilẹ̀ ti gbà láti 2023 pé ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní calculus, físíìsì tàbí kẹ́místírì lè kọ́ ọ lórí Khan Academy, ibùdó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì ṣe ìdánwò láti fi hàn pé ó gbọ́ ọ. Kí ó ṣe é kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, nítorí pé olùdámọ̀ràn tó ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ lábẹ́ kò ní rántí ohun tí ẹ kò bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá dé orí àròkọ. Àwọn tó ní kí ó tẹnu mọ́ àwọ̀ rẹ̀ àti àwọn tó ní kí ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣì í: wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ dúdú fúnra rẹ̀ ṣì ní ìwọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Kò ní mọ́. Common App, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí ọmọ lè fi béèrè àyè ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ṣì ń béèrè ẹ̀yà, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ lè sọ pé kí wọ́n má fi ìdáhùn yẹn han àwọn tó ń yan ọmọ. Kí ọmọ yín dáhùn rẹ̀ bí ó ṣe jẹ́, kó sì kọjá lọ. Ohun tó lè ní ìwọ̀n ni ìtàn tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí àwa ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gbà tọkàntọkàn. Ètò tí ilé ẹjọ́ fòpin sí yìí, inú ìjàkadì àwọn ọmọ àwọn ẹrú ni ó ti jáde, àwọn tí òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí àwọn òbí wọn wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ tí owó orí wọn ń bọ́. Àwọn ọmọ wa sì jẹ nínú rẹ̀ ju bí iye wa ti mọ lọ. Ní 2004, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard méjì, Lani Guinier àti Henry Louis Gates, gbé e síta pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ dúdú tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tó ti erékùṣù Kàríbíà àti Áfíríkà wá. Ní 2007, onímọ̀ nípa àwùjọ Douglas Massey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi nọ́ńbà sí i: nínú àwọn ọmọ dúdú tó wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣa ọmọ ṣà, ìdá 27 jẹ́ àtìpó tàbí ọmọ àtìpó, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ivy League (Harvard, Yale, Princeton àti àwọn akẹgbẹ́ wọn), ìdá 41. Àwọn ọmọ onílẹ̀ béèrè ìbéèrè lórí èyí, ìbéèrè wọn sì tọ́. Mo gbà pé gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn wa sí wọn, bí a bá sì ń bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀, kí a má máa fi àwọn ọmọ wọn ṣe àpẹẹrẹ ọ̀lẹ.

Ohun tí èyí já sí fún ọmọ yín ni pé kí ó má yá ìrora tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fojú àwọ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹ rí, bí olùkọ́ kan bá ti sọ fún un pé iṣẹ́ ìṣirò kan ti ga jù fún un, tó sì jà títí tó fi wọ kíláàsì náà, ìtàn rẹ̀ nìyẹn, òfin sì fún un láyè láti sọ ọ́. Bí irú rẹ̀ kò bá sí, kí ó má wá a. Ọmọ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá àgbà rẹ̀ ní ọsibítù, ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdí tí ohùn fi ń hó, ọmọ tó mọ ìlù dùndún tó sì fẹ́ mọ bí awọ tó le ṣe ń yí ohùn padà, ó ti ní ohun tó lè fi 650 ọ̀rọ̀ sọ, èyí tí àròkọ àgbà nínú Common App kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kí ó dé orí ohun tó ṣe, kó tó kan ohun tó jẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bá a kọ ọ́, ẹ má sì sanwó fún ẹni tó máa kọ ọ́. Ẹni tó ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé lọ́dọọdún máa ń mọ ohùn àgbàlagbà nínú ìwé ọmọ.

Ohun mìíràn tí mo máa ń rí nínú fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wa ni pé àyè tí ó yẹ kí wọ́n kọ iṣẹ́ òde ilé-ìwé sí máa ń ṣófo. Wọn kì í ka iṣẹ́ ilé sí iṣẹ́. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ òru, tí òun sì ń gbọ́únjẹ fún àwọn àbúrò rẹ̀, tó ń jókòó tì wọ́n nídìí iṣẹ́ àmúrelé, tó ń mú wọn lọ sí ìdúró bọ́ọ̀sì, Common App ní ìsọ̀rí kan gan-an fún ojúṣe nínú ẹbí. Kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú iye wákàtí tó ń gbà lọ́sẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀ á mọ ìdí tí ọmọ náà kò fi lè wà nínú ẹgbẹ́ roboti lọ́sàn-án.

Ní ti orúkọ, kí ó lo gbogbo rẹ̀. Ìdí tó hàn gbangba wà: orúkọ tó wà nínú ìwé ilé-ìwé, ti SAT, ti ìwé ìrìnnà àti ti fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó gbọ́dọ̀ bára mu. Ọmọ Yorùbá tó ní orúkọ mẹ́ta tí wọ́n tò lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé mẹ́ta lè rí i pé máàkì rẹ̀ kò dé inú fáìlì rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí. Yàtọ̀ sí èyí, mi ò rí ohun rere tí ọmọ ń jèrè tí ó bá gbọ́ lẹ́nu òbí rẹ̀ pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ jẹ́ ohun tí ó yẹ kó fi pamọ́.

Ẹ wá bá mi dá bàbá rẹ̀ lóhùn nípa owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ti ń pàdánù. Iye tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ sójú ìwé kọ́ ni iye tí ìdílé ń san. Láti ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, ọmọ ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò bá ju 100,000 dọ́là lọ, tí ohun ìní wọn sì jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀, kì í san nǹkan kan ní Harvard, títí kan ilé àti oúnjẹ. Tí kò bá ju 200,000 lọ, kì í san owó ẹ̀kọ́. Irú ètò kan náà ló wà ní MIT. Johns Hopkins náà kì í fi àìlówó kọ ọmọ, láti ìgbà tí olówó ńlá Michael Bloomberg ti fún wọn ní 1.8 bílíọ̀nù dọ́là ní 2018 fún ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Owó nọ́ọ̀sì àti ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè wà lábẹ́ 200,000 yẹn dáadáa, a sì jẹ́ pé MIT lè wá rọ̀ yín lọ́rùn ju yunifásítì ìpínlẹ̀ lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìṣirò owó sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn òbí. Kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó tì í ní ọjọ́ ìsinmi kan, pẹ̀lú ìwé owó orí ọdún tó kọjá. Bí ẹ bá sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù fún ìtọ́jú àwọn òbí yín ní Nàìjíríà, ẹ má fi pamọ́ nínú CSS Profile, fọ́ọ̀mù tí irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fi ń wo owó ìdílé. Àyè wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé ìnáwó tó ṣàrà ọ̀tọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì máa pinnu bí ó ṣe fẹ́ kà á.

Bàbá rẹ̀ kò ṣì, síbẹ̀, nípa yunifásítì ìpínlẹ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé Stacy Dale àti Alan Krueger ṣe fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìdíje tó wà níbi ìwọlé ilé-ẹ̀kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí owó tí wọ́n máa gbà lẹ́nu iṣẹ́ padà, bí ọmọ bá ti ní ọpọlọ àti ìpinnu kan náà. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀ ṣá o: àwọn ọmọ dúdú, àwọn ọmọ Látìn Amẹ́ríkà, àti àwọn tí òbí wọn kò kàwé púpọ̀. Fún wọn, ó ń ṣe ìyàtọ̀. Nítorí náà ni mo fi gbà pé ó tọ́ kí ọmọ yín kọ̀wé sí MIT. Ṣùgbọ́n ní Maryland yín níbẹ̀, ní UMBC (yunifásítì ìpínlẹ̀ náà tó wà ní Baltimore County), ètò Meyerhoff wà láti 1988, tí Freeman Hrabowski àti Robert Meyerhoff dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọ dúdú lè di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà; ó ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà tipẹ́, ó ń san owó ẹ̀kọ́, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ adúláwọ̀ di ọ̀mọ̀wé. Bí ọmọ mi bá rí ètò yẹn gbà, tí Harvard sì kọ̀ ọ́, mi ò ní sunkún.

Bí mo bá wà ní ipò yín, báyìí ni mo ṣe máa tò ó. Kí ó kọ̀wé ìṣáájú (èyí tí ọmọ ń kọ ṣáájú àkókò tó wọ́pọ̀) sí MIT, nítorí pé èyí kò dè é mọ́lẹ̀ láti lọ bí wọ́n bá gbà á, kí ó sì tún kọ̀wé ìṣáájú sí yunifásítì Maryland ní College Park àti sí UMBC. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ni gbogbo rẹ̀ ń parí, ètò Meyerhoff sì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ó fi Harvard, Johns Hopkins àti ibi méjì tàbí mẹ́ta mìíràn sí ọwọ́ ìkẹyìn, ní oṣù Kìíní. Kí ó má kọ̀wé ìṣáájú adè-mọ́lẹ̀ sí Johns Hopkins àyàfi tí ẹ̀rọ ìṣirò owó bá ti fi hàn yín pé ẹ lè san iye rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá gbà lọ́nà yẹn kò ní láǹfààní láti fi ìrànwọ́ ibì kan wé ti ibòmíràn. Kí ó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò àti ti ẹ̀kọ́ mìíràn kan kí ilé-ìwé tó parí ní oṣù Kẹfà. Nígbà tí èsì bá sì dé ní oṣù Kẹta, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé ìrànwọ́ owó sórí tábìlì pọ̀; bí ti ibi tó wù ú jù bá ga ju agbára yín lọ, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó wọn, ẹ so ẹ̀rí ìnáwó yín mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ ní títí di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún láti fún wọn lésì.